Ìwé Yìgì Tó Sọnù Lọ́jọ́ Ìwẹ̀ Opó

Eérú ni mo ń kó lójú àdògán mi láàárọ̀ Sátidé yẹn tí ọwọ́ mi fi kan ìwé. Kì í ṣe ìwé tí a fi ń ran iná o. Ìwé gidi ni, funfun, ó le, iná ti jẹ etí rẹ̀ yíká, ó wá ṣẹ́ku bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Mo fẹ́ eérú kúrò lára rẹ̀. Mo rí lẹ́tà gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀, mo sì rí ìtẹ̀ka aláró kan nísàlẹ̀. N ò lè ka gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n èmi ni mo di ọwọ́ Àmúdàtù mú lọ́jọ́ tó tẹ ìka yẹn.

Mo pariwo, "Àmúdàtù! Yẹ àpótí rẹ wò!"

Ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ìró tó ká wà níbẹ̀. Fìlà ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìwé méjèèjì ò sí níbẹ̀ mọ́.

Kò sunkún. Ó kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fa Sìfáwù ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó ní, "Ganiat, wọ́n ti gba ọmọ lọ́wọ́ mi nìyẹn."

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Inú agboolé kan náà ni èmi àti Àmúdàtù ń gbé ní Ìdúmàgbò. Jimoh ọkọ rẹ̀ máa ń wa ọkọ̀ ojú omi ìjọba, ọ̀sà sì gbé e lọ lọ́dún tó ku ọdún mẹ́ta ká gba òmìnira. Kò tíì pé ogójì ọjọ́ tó kú tí Mùsílíù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi wá dúró sẹ́nu ọ̀nà, tó ní Àmúdàtù kì í ṣe ìyàwó ilé, pé àlè àbúrò òun ni. "Ọmọ ni tiwa," ó ní, "ìyá kì í ṣe tiwa." Òun yóò mú Sìfáwù lọ bá ìyàwó òun ní Ìkòyí. Kí ìyá gba ibi tó gbà wá padà.

Irọ́ ni. Olóògbé Alùfáà Ṣàíbù ló so yìgì wọn. Alùfáà yẹn kì í ṣe nǹkan láìkọ ọ́ sílẹ̀. Ó kọ yìgì náà ní kéwú sórí ìwé nínípọn, ó kọ orúkọ ọkọ, ó kọ ti ìyàwó, ó kọ ti ẹlẹ́rìí méjì: Alùfáà Jíbrílù, olùkọ́ ilé kéwú wa, àti Yésúfù olóbì tó ti kó lọ sí Kùmásí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ di ti kóòtù, lọ́yà Àmúdàtù mú ẹnì kan wá láti túmọ̀ kéwú náà; Bàbá Horatio, akọ̀wé onílẹ́tà ní Olówógbowó, ló wá tẹ̀ ẹ́ ní gẹ̀ẹ́sì. Opó kì í jáde, nítorí náà ilé wa níbí ni bàbá náà wá tẹ̀ ẹ́, alábàárù ló ru ẹ̀rọ táìpù rẹ̀ tẹ̀lé e. Ti kéwú kan, ti gẹ̀ẹ́sì kan. Ìyẹn ni ìwé méjèèjì tó wà nínú àpótí.

Ọdún yẹn náà ni gbogbo Èkó ń sọ̀rọ̀ òfin tuntun. Wọ́n ní ìjọba fẹ́ ṣe òfin tí yóò mójú tó ọ̀rọ̀ àwa mùsùlùmí: ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti so yìgì, bí wọn yóò ṣe máa kọ ọ́ sínú ìwé ńlá, ẹni tí yóò máa mú kọ́kọ́rọ́ mọ́ṣáláṣí dání, bí a ó ṣe máa pín ogún. Ìgbìmọ̀ kan ń jókòó lórí rẹ̀. Àwọn kan ní ó pẹ́ tó ti yẹ kó wà. Àwọn kan ní òyìnbó fẹ́ wọ mọ́ṣáláṣí tòun ti bàtà. Lọ́yà wá sọ fún wa pé àwọn ìgbìmọ̀ náà yóò wá jókòó sí kóòtù lọ́jọ́ Túsìdè, kí wọ́n wo bí ìwé yìgì ṣe ń jẹ́rìí níwájú adájọ́.

Sátidé la wà yìí. Ìwé ti di eérú.

*

Ọlọ́pàá tí wọ́n rán sí wa láti tẹ́ṣàn ni Sájẹ́ǹtì Joaquim. Ọlọ́pàá inú ni, kì í wọ káákì. Ọmọ Àgùdà ni bàbá rẹ̀, mùsùlùmí ni ìyá tó bí i, wọ́n sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọdún Kérésì kì í fò ó, ọdún Iléyá náà kì í fò ó. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí. Bó bá ń sọ̀rọ̀, ẹ ó rò pé ọmọ tó fẹ́ sùn ló ń bá sọ ọ́. Kì í kọ nǹkan sílẹ̀. Ohun tó máa ń sọ ni pé, "Ẹ ṣe é kí n rí i."

Ó jókòó sórí àpótí ìdáná mi. "Ìgbà wo lẹ rí ìwé náà gbẹ̀yìn?"

Àmúdàtù ní, "Àárọ̀ àná, ọjọ́ Jímọ̀. Mo mú ìró mi nínú àpótí, mo fojú kàn án."

"Kí ló ṣẹlẹ̀ ní àná?"

"Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá opó mi ló pé. Wọ́n wá wẹ̀ mí."

Obìnrin márùn-ún ni a jẹ́. A kó omi gbígbóná lọ sẹ́yìnkùlé, a fi aṣọ ṣe gàgá yí i ká, a wẹ̀ ẹ́, a wọ aṣọ tuntun fún un.

"Ta ló wọ yàrá lẹ́yìn yín?"

"Kò sẹ́ni tó wọ̀ ọ́."

"Ọkùnrin kankan ò wọ agboolé?"

Ìyá Àbẹ̀ní, àgbà inú wa, bú sẹ́rìn-ín. "Ọkùnrin kẹ̀? Sájẹ́ǹtì, ìwẹ̀ opó ni! Ọkùnrin tó bá yọjú síbẹ̀, omi gbígbóná la ó fi kí i káàbọ̀."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Sájẹ́ǹtì náà rẹ́rìn-ín. Ó tún bi wá, "Kò sí ọkùnrin kankan?"

"Kò sí," gbogbo wa la jọ dáhùn. Ọlọ́run rí wa, a ò mọ̀ pé irọ́ la ń pa.

Ó ní kí n bá òun wá asẹ́. Ó bọ́ ẹ̀wù àwọ̀lékè rẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ jọ eérú yẹn títí ojú rẹ̀ fi funfun bí eégún onílẹ́búlẹ́bú. Ó rí ègé ìwé funfun mẹ́ta tó ti dúdú. Ìwé nínípọn ti kéwú, kò rí ègé rẹ̀ kankan.

"Ìwé méjì ló sọnù," ó ní. "Ẹyọ kan ló jó."

Ibẹ̀ la wà tí Alùfáà Jíbrílù fi dé, ó ti gbọ́ igbe wa. Arúgbó ni, ó ti lé láàádọ́rin, kò sí ilé kan ní àdúgbò wa tí kò ti so yìgì. Ó gbé ọwọ́ lé Àmúdàtù lórí.

"Nu ojú rẹ, ọmọ mi. Ṣebí ẹnu mi wà? Mo jókòó síbi yìgì rẹ, màá lọ sọ ọ́ ní kóòtù. Kí ìwé tó dé, ṣé àwọn bàbá wa ò gbéyàwó ni?" Ó yíjú sí Sájẹ́ǹtì. "Aago mélòó ni kóòtù ọjọ́ Túsìdè, ọmọ mi?"

"Aago mẹ́sàn-án, Baba Alùfáà."

Nígbà tí Alùfáà lọ tán, Sájẹ́ǹtì ń nu eérú lójú, ó ní, "Ìyá Rábí." Rábí ni àkọ́bí mi. "Láti àárọ̀, èèyàn mélòó ló ti wá kí yín lórí ọ̀rọ̀ yìí?"

"Wọ́n á tó ogún."

"Kí ni gbogbo wọn ń bèèrè?"

"Wọ́n ń bèèrè pé ta ló jí i."

"Hẹn," ó ní. Ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ.

*

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ó ní kí n bá òun lọ sí Ìkòyí, nítorí òun ò mọ Mùsílíù lójú. Ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n mo lọ.

Mẹ́ṣẹ́ńjà ni Mùsílíù ní ọ́fíìsì kan níbẹ̀. Yàrá tó wà lẹ́yìn ilé ọ̀gá rẹ̀ ló ń gbé. A bá a lórí àga, ó ń ka ìwé ìròyìn.

"Ganiat!" ó ní. "Ìwọ lo kó ọlọ́pàá wá bá mi lọ́jọ́ ìsinmi?"

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Ìwé ni wọ́n ń wá."

Sájẹ́ǹtì ní, "Níbo lẹ wà lọ́jọ́ Jímọ̀?"

"Níbí. Ọ̀gá mi gba àlejò. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni mo fi ń gbé àwo. Ẹ bi kúùkù."

Kúùkù yọ orí lójú fèrèsé kíṣìnì. "Ó wà níbí o! Àwo mẹ́ta ló fọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ kó máa lọ sílé, kò lọ."

Sájẹ́ǹtì fi ẹ̀rín sí i. "Ẹ̀gbọ́n Mùsílíù, ti gẹ̀ẹ́sì jó nínú iná ìdáná. Ti kéwú la ò rí. Inú yín dùn?"

Mùsílíù ká ìwé ìròyìn rẹ̀. "Ó dùn. Ṣé kí n purọ́ fún yín ni? Ilé bàbá mi ni, n ò fẹ́ kí àjèjì jókòó sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Tó bá jẹ́ èmi ni mo jí i, ṣé ìtumọ̀ ni màá sun kí n wá dá ojúlówó sí? Kéwú yẹn ló lè pa ẹjọ́ mi."

"Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín gan-an nìyẹn," Sájẹ́ǹtì wí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a jáde.

Inú bí mi lójú ọ̀nà. "Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Ìyá Rábí, ìkà èèyàn kì í sun ìdajì. Ọ̀tá Àmúdàtù ì bá sun méjèèjì, kó lọ sùn. Ẹni tó wọ yàrá yẹn kì í ṣe ọ̀tá."

"Ta ni wá ni?"

"N ò tíì mọ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Olówógbowó."

*

Wọ́n ti ṣáájú wa dé ọ̀dọ̀ Bàbá Horatio. Àwọn ọkùnrin kan láti àdúgbò wa ti wá dúró síwájú ilé rẹ̀ láàárọ̀, wọ́n ní Kìrìsìtẹ́ẹ́nì la fi ìwé yìgì lé lọ́wọ́, ojú wa ti rí i. Winifred ìyàwó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ilẹ̀ kọ́ ló sì fẹ́ gbá.

"Ẹ tún dé? Wọ́n bú ọkọ mi títí aago ṣọ́ọ̀ṣì fi kọjá. Ọkùnrin tí kò pa ẹ̀fọn rí!"

"Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Àwa ò wá bú èèyàn."

Bàbá Horatio wà lórí àga nínú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì tí kò rí wọ̀ lọ. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń kọ lẹ́tà fún àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó," ó ní. "Àṣírí tó wà nínú mi yìí tó láti fọ́ ìlú. Ẹ rí i pé ìlú ò fọ́."

"A rí i, bàbá. Ẹ ní ẹ̀dà ìwé náà?"

"Ti kábọ̀nù wà. Ṣùgbọ́n adájọ́ ò ní gbà á. Kò ní ìtẹ̀ka, kò sì sí ojúlówó tí wọn yóò gbé e tì."

"Ẹ bá mi kà á."

Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó ń kà á ní gẹ̀ẹ́sì, ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi. "Ní orúkọ Ọlọ́run, Ọba Àjọkẹ́ Ayé, Àṣàkẹ́ Ọ̀run. Èyí ni ẹ̀rí pé..."

"Ẹ dúró ná. Orúkọ Ọlọ́run wà ní orí rẹ̀ ní gẹ̀ẹ́sì?"

"Ó wà ní orí ti kéwú, mo sì gbé e bó ṣe wà. Akọ̀wé ni mí. N kì í yọ Ọlọ́run kúrò nínú lẹ́tà ẹni ẹlẹ́ni."

Mo rí Sájẹ́ǹtì tó ń fi àtàǹpàkò ra ìka rẹ̀. "Bàbá, lẹ́yìn ìwé yìí, ẹ tún kọ nǹkan fún ẹnikẹ́ni ní àdúgbò yẹn?"

Bàbá Horatio wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó ní, "Ẹ sọ ọ́ fún wọn jàre. Wọ́n ti pè yín lólè tán, kí lẹ tún ń bò?"

"Wáyà kan ni, tí wọ́n ń tẹ̀ ránṣẹ́ ní póòsì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ búburú. Alùfáà Jíbrílù ní kí n bá òun kọ ọ́ sí Kùmásí, kí Yésúfù tètè wá jẹ́rìí fún Àmúdàtù."

Mo pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò rí Alùfáà! Bí ìwé ṣe sọnù báyìí ló ti ń wá ọ̀nà mìíràn."

"Ọjọ́ wo lẹ kọ wáyà náà?" Sájẹ́ǹtì bèèrè.

"Ọjọ́ Túsìdè tó kọjá."

Ọwọ́ mi dúró lófuurufú. Ẹnu mi ló sọ ọ́ kí n tó mọ̀: "Túsìdè? Ìwé ò tíì sọnù ní Túsìdè."

Sájẹ́ǹtì gba ẹ̀dà kábọ̀nù náà lọ́wọ́ Bàbá Horatio, ó fi í sápò.

*

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ó wá sójú àdògán mi. "Ẹ gbé omi kaná bí ẹ ṣe gbé e lọ́jọ́ Jímọ̀. Gbogbo ohun tí ẹ ṣe, ẹ ṣe é kí n rí i."

Mo dáná. Mo gbé ìkòkò kà á. Mo bu omi sínú garawa, mo gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, mo padà wá. Mo tún bu ìkejì. Lẹ́yìn náà mo yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Kí lẹ yẹ̀ fún?"

"Mo yẹ̀ kí Alùfáà lè bu omi sí búútà àlùwàlá rẹ̀. Ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́jọ́ náà, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ní kí n máa lọ bá wọn, òun á bu ú fúnra..." Mo fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ sọ fún mi pé kò sí ọkùnrin."

"Sájẹ́ǹtì, Alùfáà ni! Ó wá ṣe àdúà ìwẹ̀. Ta ló ń ka Alùfáà mọ́ ọkùnrin tó wọlé?"

"Níbo ló jókòó sí kí ẹ tó parí?"

Mo nawọ́ sí yàrá Àmúdàtù. Orí ẹní. Ẹ̀gbẹ́ àpótí.

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo jókòó, mo sunkún. Ó rọrùn fún mi kó jẹ́ Mùsílíù. Alùfáà yìí ló so yìgì tèmi. Òun ló sọ àwọn ọmọ mi lórúkọ. Sájẹ́ǹtì jẹ́ kí n sunkún tán.

"Ẹni tó sun ìwé yẹn mọ kéwú, ó sì bẹ̀rù rẹ̀," ó ní. "Ó rí lẹ́tà Lárúbáwá, kò lè fi í sínú iná. Ti gẹ̀ẹ́sì, ìwé ìjọba lásán ni lójú rẹ̀. Kò lè kà á. Ká ní ó lè kà á ni, iná ò ní rí ìyẹn náà jẹ. Lọ́jọ́ Sátidé, gbogbo èèyàn ló bèèrè ẹni tó jí i; Alùfáà nìkan ló bèèrè aago kóòtù. Ẹ wọ bàtà, ẹ bá mi lọ. Bí èmi nìkan bá lọ, yóò dà bí ẹni pé mo wá mú un."

*

Alùfáà wà lórí awọ ewúrẹ́ rẹ̀ níwájú ilé kéwú, ó ń fọ wàláà tí àwọn ọmọ fi ń kọ kéwú. Àdìjátù ìyàwó rẹ̀ ń ṣa ẹ̀wà nítòsí. Sájẹ́ǹtì bọ́ bàtà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Baba Alùfáà, nígbà tí mo wà ní kékeré, mo tẹ ìwé kéwú kan tó bọ́ sílẹ̀ lójú títì. Ìyá ìyá mi gbá mi létí. Ó mú ìwé náà, ó nù ún, ó sì fi há ara ògiri níbi tó ga. Ó ní bó bá tilẹ̀ gbó, a kì í jù ú nù, a kì í sun ún."

"Obìnrin rere ni," Alùfáà wí. Kò wò wá.

"Ẹ jẹ́ kí n ka nǹkan fún yín. Èyí ni ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé gẹ̀ẹ́sì tó jó." Ó yọ ẹ̀dà kábọ̀nù náà jáde, ó tú u sí Yorùbá. "Ní orúkọ Ọlọ́run, Ọba Àjọkẹ́ Ayé, Àṣàkẹ́ Ọ̀run."

Wàláà bọ́ lọ́wọ́ Alùfáà.

"Ó wà níbẹ̀?"

"Òun ló ṣáájú, bàbá."

"Bìsìmílà ló wà lórí rẹ̀? Ní gẹ̀ẹ́sì?" Ó gbé ọwọ́ méjèèjì wò bí ẹni pé iná ṣì wà lára wọn. "Asitagafurulai. Asitagafurulai. Mo rò pé ti ìjọba ni. Orúkọ Ọlọ́run ni mo sun!"

Àdìjátù ti dáwọ́ ẹ̀wà ṣíṣà dúró.

Alùfáà ṣa wàláà náà nílẹ̀. "N ò fẹ́ ibi fún Àmúdàtù. Ẹ gbọ́. Bí wọ́n bá gbé ìwé yẹn dé kóòtù, tí adájọ́ ní ìwé ló fi hàn pé ìyàwó ni, tí àwọn ìgbìmọ̀ yẹn kọ ọ́ sínú òfin wọn, kí ni wọn yóò pe àwọn tí kò ní ìwé? Ogójì ọdún ni mo fi so yìgì ní Ìsàlẹ̀ Èkó. N ò kọ ẹyọ kan sílẹ̀. Ẹnu ni, àdúà ni, ojú ẹlẹ́rìí ni. Ganiat tó jókòó yìí, ṣé àlè ni? Àwọn ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Mo ní kí ìwé má sí níbẹ̀. Kí adájọ́ fetí gbọ́ ẹnu ẹlẹ́rìí méjì, kó gbà á. Bó bá gbà á lọ́jọ́ kan, gbogbo yín ti bọ́."

"Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ránṣẹ́ sí Yésúfù kí ìwé tó sọnù."

"Ìdí nìyẹn."

"Yésúfù ń bọ̀?"

Alùfáà mi orí. "Ó dá wáyà padà ní Sátidé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Kò lè rin."

"Ẹlẹ́rìí kan ló wá kù. Mélòó ni ẹ̀sìn yín ń fẹ́?"

"Méjì. Mo mọ̀. Láti Sátidé ni n ò ti sùn. Ojú ló ń tì mí láti sọ ọ́."

Mo bínú sí i, mo sì káàánú rẹ̀, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní, "Baba, ẹ wò wá, ẹ fẹ́ gbà wá lọ́wọ́ òfin. Ta ni yóò gba Sìfáwù lọ́wọ́ Mùsílíù lọ́la?"

Ó dìde, ó di ara ògiri mú. Ó wọ mọ́ṣáláṣí. Níbẹ̀, lókè, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí lèmọ́mù ń dúró sí, ni àpò awọ kan máa ń kọ́. Inú rẹ̀ la máa ń kó ewé Kùránì tó ti ya sí títí ọjọ́ tí a ó fi rì wọ́n síbi tó mọ́. Ó sọ àpò náà kalẹ̀, ó mú ìwé nínípọn kan jáde, ó fi aṣọ ara rẹ̀ nù ún. Ó nà án sí Sájẹ́ǹtì.

Sájẹ́ǹtì kò gbà á. "Ẹ̀yin ni kí ẹ gbé e lọ, bàbá. Aago mẹ́sàn-án."

*

Kóòtù kún. Àwọn ìgbìmọ̀ jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú kálámù lọ́wọ́. Nígbà tí Alùfáà sọ fún adájọ́ láìfi ohunkóhun pamọ́ pé òun lòun jí ìwé yìí, tí òun sì sun ẹnì kejì rẹ̀, ariwo sọ. Lọ́yà Mùsílíù fò dìde bí ẹni tí wọ́n ju oyin sí lẹ́nu.

"Ẹ gbọ́ ọ! Olè ni ẹlẹ́rìí wọn! Adájọ́ àgbà, ìwé tó ti ọwọ́ olè jáde, kí ló ń ṣe wá tí a ó fi gbà á gbọ́?"

Adájọ́ wo Alùfáà. "Bàbá, ẹ ní èsì?"

Alùfáà dúró lórí ọ̀pá rẹ̀. "Olúwa mi, bó bá jẹ́ irọ́ ló wà nínú rẹ̀, kí ni mo fẹ́ jí i fún? Èèyàn kì í jí irọ́ pamọ́. Òótọ́ rẹ̀ ló bà mí lẹ́rù."

Mo gbọ́ ìró kálámù àwọn ìgbìmọ̀ tó ń sáré lórí ìwé.

Adájọ́ wo kéwú náà, ó ní kí atúmọ̀ kà á, ó fi ẹ̀dà Bàbá Horatio wé e. Kò pẹ́ púpọ̀. Ó ní ìyàwó ni Àmúdàtù. Ó ní kó máa gbé yàrá rẹ̀, kí ọmọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó wá bi í bóyá ó fẹ́ fẹjọ́ olè sun lórí Alùfáà.

Àmúdàtù ní, "Wọ́n jí i, wọ́n dá a padà. Ẹ jẹ́ ká lọ sílé."

Mùsílíù gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Ó dúró lẹ́ẹ̀kan, ó fi ọwọ́ kan Sìfáwù lórí, ó ní, "Bó o bá fẹ́, wá kí wa lọ́jọ́ ọdún." Ó lọ.

Àwọn ìgbìmọ̀ pe Alùfáà mọ́ra lẹ́nu ọ̀nà. Ó tún ọ̀rọ̀ ogójì ọdún yẹn sọ fún wọn, pé bí wọ́n bá fẹ́ kọ yìgì ọ̀la sínú ìwé, kí wọ́n kọ ọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi àyè ẹnu ẹlẹ́rìí sílẹ̀ fún ti àná. Wọ́n ní àwọn gbọ́. Mo bi Sájẹ́ǹtì bóyá wọn yóò ṣe é.

"N ò mọ̀," ó ní. "Ìwé tó sọnù nìkan ni wọ́n ní kí n wá." Ó dé fìlà, ó bá ẹ̀gbẹ́ títì lọ.

Nígbà tí a kírun ìrọ̀lẹ́ tán, mo gbé àkàrà lọ kí Alùfáà. Mo bá a tó tẹ́ ìwé funfun sílẹ̀, kálámù wà lọ́wọ́ rẹ̀, Àdìjátù jókòó níwájú rẹ̀, ó káwọ́.

"Tèmi lẹ ó kọ́kọ́ kọ," Àdìjátù wí fún un. "Ganiat, jókòó, gbọ́ ọ. Ọdún mẹ́rìndínlógójì. Mo wà níbẹ̀ lánàá nígbà tí ẹ ń ka àwọn tí kò ní ìwé, ẹ ò dárúkọ tèmi."

"Àwọn ẹlẹ́rìí wa ti kú," Alùfáà ní.

"Ọmọ méje ò kú. Ẹ kọ ọ́."

Ó kọ orúkọ Ọlọ́run ní orí rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ó kọ tirẹ̀, ó kọ ti ìyàwó rẹ̀. Ó gbé kálámù sókè. "Kí ni mo fi ṣe sàdáàkì rẹ nígbà tí mo fẹ́ ọ ná?"

"Àgbò kan."

"Àgbò kan." Ó kọ ọ́. "Níbo ni àgbò náà wà?"

"Ẹ̀yin lẹ pa á jẹ lọ́dún Iléyá tó tẹ̀lé e."

Alùfáà wò mí, ó wo ìyàwó rẹ̀. "Ṣé kí n kọ ìyẹn náà ni?"

"Ẹ kọ ọ́," Àdìjátù wí. "Òfin ti dé."